Ẹran Tòlótòló Díndín: Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bójú Tó, Kì Í Ṣe Òróró

Ẹran tòlótòló tó le bí igi, èyí tó dúdú lóde tí inú rẹ̀ kò jinná, èyí tí òróró ń ro lára rẹ̀ sínú abọ́: iná tàbí òróró la sábà máa ń dá lẹ́bi. Àmọ́ bí a bá tọpa ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, omi ló máa ń wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹran kò pẹ́ tó nínú omi nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé omi kò gbẹ lára awọ kó tó wọ òróró. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n dín in títí omi inú rẹ̀ fi tán pátápátá. Dídín fúnra rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Iṣẹ́ tó gbàrònú ti ṣẹlẹ̀ kí a tó tan iná sábẹ́ òróró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹran fúnra rẹ̀, torí pé gbogbo ẹ̀yà ara tòlótòló kọ́ ló gba ọwọ́ kan náà. Ẹran àyà funfun, ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó tètè jinná, ó sì tètè gbẹ. Itan àti ẹsẹ̀ dúdú jù ú lọ nítorí pé wọn ni ẹyẹ náà fi ń rìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀rá wọn pọ̀ díẹ̀, wọn kì í tètè gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ sùúrù lórí iná. Apá ló dára jù fún dídín. Awọ pọ̀ lára rẹ̀, ẹran inú rẹ̀ kò nípọn jù, bí a bá sì ṣe é dáadáa, awọ yẹn á máa dún lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ wá oríkèé rẹ̀ kí ẹ fi ọbẹ tó mú gba àárín ibẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣá eegun ní àṣálù á fi èérún eegun sínú ẹran, èérún yìí kì í sì í rọ̀ títí láé.

Ohun kan wà nínú ẹsẹ̀ tòlótòló tí kò sí nínú ti adìẹ lọ́nà bẹ́ẹ̀: àwọn iṣan gígùn tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di eegun. Kò sí bí a ṣe lè sè wọ́n tí wọ́n á rọ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti rọ̀ nínú omi, ẹ fi ẹ̀mú di orí wọn mú nísàlẹ̀, kí ẹ fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó di pé ẹ dín in.

Bó bá jẹ́ ẹran tó dì nínú fírísà ni, inú fíríìjì ni kó ti yọ́. Kìlógíráàmù 2 tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ á yọ́ láàárín òru kan sí ọjọ́ kan bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ fi sínú àpò ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Á gbà tó wákàtí méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì látàárọ̀. Òde ẹran á ti lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ yìnyín, àárín 4°C sí 60°C sì ni kòkòrò àrùn ti ń pọ̀ sí i kíákíá.

Ní ti fífọ ẹran, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní gbà, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tó ń dà sórí ẹran tútù máa ń ta kòkòrò àrùn bíi Salmonella àti Campylobacter sára abọ́, aṣọ àti gbogbo ohun tó wà nítòsí. Iná ló ń pa wọ́n, omi kò pa wọ́n. Ẹ fi bébà ìnuwọ́ nu ẹran náà, kí ẹ ṣa ìyẹ́ tó bá kù lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ dandan, kó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ nínú abọ́ omi, kó sì fi ọṣẹ fọ abọ́, ọbẹ, pátákó àti ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Iyọ̀ ni èyí tí àṣìṣe pọ̀ sí jù. Kílò 1 ẹran gba nǹkan bí gíráàmù 10 sí 12 iyọ̀, ìyẹn ṣíbí ìmutíì méjì tí kò kún rékọjá etí. Ẹ ka àkọlé ara àpò ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹran náà kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ sí i: àwọn tòlótòló kan wà tí wọ́n ti gún omi iyọ̀ sí lára kí wọ́n tó gbé wọn sínú fírísà. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, ìdajì iyọ̀ yẹn ti tó. Fún kílò 2, mo fara mọ́ àlùbọ́sà ńlá méjì, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ẹyọ aáyù mẹ́rin, ata gbígbẹ ṣíbí ìmutíì kan sí méjì, pẹ̀lú táìmù ṣíbí ìmutíì kan. Ẹ lọ àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti aáyù pọ̀, kí ẹ fi pa ẹran lára, kí ẹ bò ó, kó wà nínú fíríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán. Bó bá sùn mọ́jú, ó dára jù, torí iyọ̀ á ráyè wọ inú lọ, kò ní dúró sí òde nìkan.

Bíbọ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ da ẹran sínú ìkòkò pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ fi pa á lára, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó wà lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìbu omi sí i. Ẹran á tú omi tirẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà kí ẹ bu omi ife kan péré. Ẹ má jẹ́ kó hó gùdùgùdù. Ohun tó so ẹran pọ̀ mọ́ eegun àti awọ, tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn, kì í rọ̀ pẹ̀lú ipá. Ooru tó rọra wà lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ló ń sọ ọ́ di ohun rírọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ni létè. Bí ìkòkò bá ń hó kíkan, ẹran á sún kì, á fún omi ara rẹ̀ jáde, awọ á sì fàya.

Apá gba ìṣẹ́jú 35 sí 45, ẹsẹ̀ àti itan gba ìṣẹ́jú 45 sí 60, ti àgbà tòlótòló sì lè ju wákàtí kan lọ dáadáa. Ẹran àyà kò gbọ́dọ̀ bá wọn pẹ́ níbẹ̀: ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ yọ ọ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé apá ti tó? Ẹ wo ìdí eegun: ẹran á ti sún sókè níbẹ̀ bí ìbú ìka kan, eegun á sì hàn. Ẹ fi ṣóńṣó ọbẹ gún ibi tó nípọn jù. Ó yẹ kó wọlé, ṣùgbọ́n kí ẹran ṣì dì í mú díẹ̀. Bó bá ti ń já kúrò lára eegun fúnra rẹ̀, ó ti kọjá ààlà, inú òróró ló máa fọ́nká sí.

Ẹ kó ẹran náà sínú ajere tàbí asẹ́, kí omi rẹ̀ ro sínú abọ́. Ẹ má da omi yẹn nù. Àwọn fítámì B máa ń yòrò sínú omi tí a fi se ẹran, nítorí náà ẹni tó bá da omi ẹran nù ti da lára oúnjẹ rẹ̀ nù. Ẹ fi se ọbẹ̀, kí ẹ sì rántí pé iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ó kù ká mú kí awọ gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ nu gbogbo èérún àlùbọ́sà, aáyù àti táìmù kúrò lára ẹran, torí àwọn ló máa ń jóná tí ẹran fi ń korò. Ẹ tẹ́ ẹ kalẹ̀ láìbò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kí ẹ gbé e sínú fíríìjì láìdé e di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan awọ náà: bó bá ń yọ̀, kò tíì yá, bó bá rí bíi bébà tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó ti yá. Omi tó bá bọ́ sínú òróró gbígbóná á di ooru omi lójú ẹsẹ̀, á sì fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,500. Ohun tó ń mú kí òróró máa ta síni lára nìyẹn, kì í ṣe pé iná burú.

Ẹ lo òróró tí kì í tètè rú èéfín, bíi ti ẹ̀pà, sóyà tàbí sunflower. Kí ó má ṣe ju ìdajì ìkòkò lọ. Ẹ gbé e dé 175°C sí 180°C. Bí kò bá sí ohun tí ẹ fi lè wọn ìgbóná, ẹ ti ìdí ṣíbí onígi tó gbẹ bọ inú òróró. Bí ìfóòfó kéékèèké bá ń yọ yí i ká láìdáwọ́ dúró, ó ti tó. Bí òróró bá ti ń rú èéfín, ó ti gbóná jù, ẹ gbé e kúrò lórí iná kó rọlẹ̀. Ẹ má fi ju ẹyọ mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kún jù, òróró á tutù, ẹran á wá máa rẹ sínú òróró dípò kó máa dín; òun ló ń di ẹran tí òróró ń ro lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, etí ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ. Nígbà tí ẹran bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ariwo á pọ̀, ìfóòfó á tóbi: omi ara awọ ló ń jáde yẹn. Bó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìfóòfó á kéré sí i, ohùn òróró á sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá á tó ní ìṣẹ́jú 6 sí 8, àyà ní ìṣẹ́jú 3 sí 4. Bí òróró bá ti dákẹ́ pátá tí ẹran ṣì wà nínú rẹ̀, omi inú ẹran ló ti ń tán, líle ló sì ń lọ yẹn. Orí wáyà tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kó o sí. Bí ẹ bá kó o lé ara wọn nínú abọ́, ooru tirẹ̀ á tún sọ awọ di rírọ̀.

Ẹ má fi àwọ̀ pinnu pé ẹran jinná. Ẹran tòlótòló lè pọ́n díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun kó sì ti jinná, ó sì lè funfun kó má tíì jinná. 74°C níbi tó nípọn jù, láìkan eegun, ni ìwọ̀n tó dáni lójú.

Ní ti oore tó wà nínú rẹ̀: gíráàmù 100 ẹran àyà tó jinná, láìsí awọ tí a kò sì dín, ní nǹkan bí gíráàmù 30 purotéènì, gíráàmù 2 ọ̀rá àti kálórì 147. Ẹran itan àti ẹsẹ̀ ní nǹkan bí gíráàmù 28 purotéènì, gíráàmù 6 ọ̀rá àti kálórì 173. Ẹni tó bá ń sá fún ẹran dúdú kó mọ̀ pé èròjà irin àti síǹkì inú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹran funfun. Fítámì B3, B6 àti B12 wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni selenium, èròjà kan tí ara nílò díẹ̀. Dídín kì í pa purotéènì run. Ọ̀rá ló ń fi kún un, awọ ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù: nǹkan bí gíráàmù 40 nínú gíráàmù 100 awọ tòlótòló tó jinná jẹ́ ọ̀rá, kí a tó ka òróró mọ́ ọn. Ṣíbí ìjẹun kan òróró sì jẹ́ nǹkan bí kálórì 120. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ̀rá lè jẹ ẹran kó yọ awọ sílẹ̀, tàbí kó bọ̀ ọ́ bí a ṣe sọ, kó fi òróró díẹ̀ pa á lára, kó gbé e sínú ààrò ní 220°C fún ogún ìṣẹ́jú. Kò ní dún lẹ́nu bíi ti inú òróró, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti wo iyọ̀ ju ọ̀rá lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Gíráàmù 12 iyọ̀ nínú kílò ẹran kan túmọ̀ sí pé ẹran gíráàmù 200 lè gbé tó gíráàmù 2 lọ nínú rẹ̀, láìtíì ka ọbẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù, kí ẹ fi atalẹ̀ àti ata dípò.

Àwọn kan fẹ́ dín odindi tòlótòló láìgé e. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìta gbangba ni, kì í ṣe inú ilé, kí ẹyẹ náà má sì ju kílò 5 tàbí 6 lọ. Kí yìnyín kankan má ṣe kù nínú ikùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú ìkòkò náà, kí ẹ bu omi títí ó fi bò ó, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sàmì sí ibi tí omi dé: ibẹ̀ ni òróró gbọ́dọ̀ dé. Ẹ da omi náà nù, kí ẹ nu ìkòkò àti ẹyẹ gbẹ pátápátá. Ní 175°C, á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 sí 8 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Bí òróró bá gbiná, ẹ pa iná abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọmọrí irin dé e. Ẹ má da omi sí i láéláé.

Òróró tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò sí. Bó bá ti dúdú, tó ń hó ìfóòfó, tàbí tó ń rú èéfín ṣáájú àkókò, ẹ dà á nù. Bíbu òróró tuntun là á kò tún un ṣe. Ẹran tó bá ṣẹ́kù kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta. Á wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, inú ààrò gbígbóná ni kí ẹ sì ti gbé e gbóná padà títí inú rẹ̀ á fi dé 74°C. Bí ẹ bá tún un dín nínú òróró, omi díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ á tán.