Eré Ìdánìkansá

Ohun tó mú mi yan eré sísá láàyò ni pé kò la tẹnikẹ́ni lọ. Bọ́ọ̀lù ń fẹ́ èèyàn 11, tẹníìsì ń fẹ́ ẹni tí yóò gbá a padà. Eré sísá, bàtà lásán ló fẹ́. Èmi tí mi ò fẹ́ràn kí n máa kí èèyàn kílẹ̀ tó mọ́ tán, mo ní mo ti bọ́.

Ọjọ́ kẹta ni mo kó sọ́wọ́ àwọn asáré 6 kan. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ." Ojú tì mí láti kọ̀. Màmá tó ṣíwájú wọn ní, "Tó o bá ṣì lè sọ̀rọ̀, eré yẹn ò tíì pọ̀ jù fún ẹ."

Ta ló rán wọn sí mi? Mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn àbúrò mi tó ṣìnà wọ ibi ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni, tó tún bá wọn ya fọ́tò. Ẹ̀rín ń sọ, ẹsẹ̀ ń lọ. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mi ò mọ ibi tá a wà mọ́.

"Mà, kìlómítà mélòó la ti sá?"

"9. Ó kù díẹ̀ ká yí padà."

Kìlómítà 21 ni wọ́n ń múra fún. Èmi, 3 ni tèmi, àlọ àtàbọ̀!

"Ìyàwó wá yíjú sí i, ó ní…" Èémí tán. Mo fọwọ́ di orúnkún mú, ẹnu mi ń ṣí, ó ń pa dé bí ẹja orí ilẹ̀. Mo juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Wọ́n kọ̀. Mo rò pé àánú mi ló ṣe wọ́n, àfi ìgbà tí Màmá dá aago ọwọ́ rẹ̀ dúró: "Ìyàwó ní kí ni?"

Nígbà tí Eliud Kipchoge, asáré ọmọ Kenya, sá máráthọ́nì, eré kìlómítà 42, ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ní Vienna lọ́dún 2019, ọ̀pọ̀ asáré ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti sáré yí i ká, kí afẹ́fẹ́ má bàa dà á láàmú. Àwọn tèmi náà yí mi ká, àmọ́ etí ni wọ́n nà.

"Ó ní, 'Ìdílé wo lẹ ti wá?' Àbúrò mi ní, 'Èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún.'"

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà. Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Àṣìṣe ńlá nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, aago 5 ò tíì lù, ilẹ̀kùn ti ń dún. "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé kò tíì tún lọ síbì kankan ni?"