Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ oníná gbé mi sọ̀ kalẹ̀ Màpó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Pure water ni mo ń tà n'Ìbàdàn, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kó o kiri. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 lepo ti ń jẹ èrè mi, tí n bá tà tán lálẹ́ owó epo á kó gbogbo ẹ̀ lọ, èmi àtìyàwó á wá máa wojú ara wa. Ni mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, mo máa sọ kíní yìí di oníná. Mo yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tà, mo ra mọ́tò kékeré tó ń fi iná yí táyà, 1,500 watt, mo ra kọntoróólà tó ń darí iná tó ń lọ sí mọ́tò náà, mo ra bátìrì 5, 12 volt lọ́kọ̀ọ̀kan, rìwáyà so wọ́n mọ́ra di 60 volt.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, rìwáyà ti so wáyà kan sípò òmíì, mo fún un níná, ẹ̀yìn ló sá sí. Ẹ̀wà tíyàwó mi rẹ sílẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín ló gùn. Gààrí la mu lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

A tún un so, ó wá ń lọ síwájú, jẹ́jẹ́, kò dún pínkín, bí ológbò. Gbogbo àdúgbò ń pàtẹ́wọ́, àfi Bàámi. Wọ́n fi ọ̀pá gbá táyà ẹ̀, wọ́n ní, "Ó ń lọ, mo ti rí i. Ṣé ó ń dúró?"

Mo ní, "Bàámi náà ẹ̀! Bíréèkì tó bá a wá ṣì wà níbẹ̀ jàre."

Ohun tí mi ò rò ni pé nígbà tó ń jẹ epo, tí n bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, màá ti fi sí jíà kìíní, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn. Oníná ò nírú ẹ̀, tó o bá ti yọwọ́, yíyí ló ń yí lọ. Kọntoróólà míì wà tó ń mú kí mọ́tò náà dì í mú, tí á tún máa ṣáájì bátìrì padà, àmọ́ pọ́ọ́kú lèmi rà. (Mo ti wá ṣe bíréèkì dísìkì ọlọ́yíílì sí táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí. Ẹ má bi mí léèló.)

Sátidé kan mo kó 40 báàgì. Báàgì kan, kílò 10. Ẹ ṣírò ẹ̀, ká má tíì ka bátìrì, ká má tíì ka èmi tí mo jẹyán. Mo gba Màpó, mo ń sọ̀ bọ̀ wá sí Bẹẹrẹ. Mo tẹ bíréèkì, ó mú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó mú díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òórùn nǹkan tó ń jó gbà mí nímú, mo wẹ̀yìn, èéfín! Ẹ̀ẹ̀kẹrin, àfi bíi pé tìmùtìmù ni mo tẹ̀.

Họ́ọ̀nù ńkọ́? Rìwáyà ní òun ń bọ̀ wá so ó lọ́la.

Ni mo bá figbe ta, "Ẹ yà o! Ẹ yà fún mi, mi ò lè dúró o!" Kẹ̀kẹ́ tó ń dún, wọ́n á ti yà kó tó dé, ti tèmi, ohùn ọkùnrin tó ń ké nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́yìn. Ìyá kan ní, "Kí ló ń lé e?" Ọlọ́kadà kan ní tiẹ̀ rò pé mò ń bá òun sáré ni, ló bá fún ọ̀kadà níná, ó tún ń bojú wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Yanrìn tí wọ́n dà síwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ni mo darí ẹ̀ sí. Gbìì! Ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló bó, ọpẹ́ ni. Àwọn tó sáré wá kí mi, "Ẹ kú ewu o, bọ̀ọ́dá," eyín ni wọ́n fi ń já pure water mi bí wọ́n ṣe ń kí mi, nínú 40 báàgì, 23 ni mo bá.

Kò pẹ́ tí Bàámi dé lórí ọ̀kadà. Wọn ò kí mi. Wọ́n rìn yí kẹ̀kẹ́ náà ká, wọ́n fi ọ̀pá gbá táyà iwájú tó ti rì sínú yanrìn dé ìdajì.

"Hẹn," wọ́n ní, "ó ń dúró."

Wọ́n bá nawọ́, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi kan.