Ẹ ra power pack kí ẹ tó ra graphics card: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára kọ̀ǹpútà géèmù mi tó jóná

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó láti kọ́ kọ̀ǹpútà géèmù yín fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Graphics card tí mo fi owó àjọ rà, RTX 3060 oní-12GB, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù sójú screen, ti kú. Motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù jókòó lé, bá a lọ. Power pack, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ló pa àwọn méjèèjì.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Graphics card ló máa ń gba ọkàn ènìyàn. Òun là ń wo fídíò rẹ̀ lóru, òun là ń bá ọ̀rẹ́ jiyàn lé lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan processor tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn ìyẹn mẹ́mọ́rì. Nígbà tó bá fi máa kan power pack, owó ti ń tán lọ, ẹni tó ń tajà á sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyíkéyìí ló máa gbé e.” Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, torí àwọn kan ti ń sọ pé ahun ló fà á. Mo béèrè fún 650 watts tó ní àmì 80 Plus Bronze, iye tí wọ́n pè é ni mo san, n kò tilẹ̀ ná an púpọ̀.

Mo ro àwọn yòókù náà dáadáa. Processor Ryzen 5 5600 ni mo mú torí pé ó ní core 6, kò sì ń jẹ iná lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Motherboard B550 ni mo fi gbé e, torí B450 tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá processor yẹn mọ̀ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe BIOS rẹ̀, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà, lọ́tun. Mẹ́mọ́rì 8GB méjì, NVMe 1TB tí fáìlì ń wà nínú rẹ̀. RTX 3060 tòkunbọ̀ ni mo yàn dípò RTX 4060 tó jáde ní 2023, torí mẹ́mọ́rì 8GB ni ti 4060, èmi sì ń fi kọ̀ǹpútà yìí ṣe edit fídíò ìgbéyàwó lọ́sàn-án. Ojú owó ni nǹkan yìí jẹ́ fún mi, kì í ṣe géèmù nìkan. Ẹ sì mọ ohun tí dọ́là ti ṣe sí ọjà láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ti ń ṣe ségesège. Tí mo bá ń wo YouTube, kò sí wàhálà. Tí géèmù bá ti wọ ibi tó le, á kú lójijì, á sì tún tan fúnra rẹ̀. Mo gbé ẹjọ́ lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó ní Windows mi ni. Mo fi Windows tuntun sí i. Ó ní kí n tún mẹ́mọ́rì tẹ̀ wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìgbà kan tí ó ní kí n gbé power pack wá kí òun wò ó.

Alẹ́ ọjọ́ náà, iná dúró ṣinṣin. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí “NEPA ti bà á jẹ́” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún. Stabilizer wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń fi 220 hàn. Àbúrò mi ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan kàn dún pàá! Iná bù yẹ̀rì lẹ́yìn casing. Screen ṣókùnkùn. Àbúrò mi fò dìde, àga ṣubú. Òórùn ike tó ń jó, tó ń ta ọ̀fun, gba gbogbo yàrá. Mo fa wáyà yọ lára ògiri, èéfín sì ń yọ jáde láti ojú fáànù power pack. Màmá wa ti sáré dé ẹnu ọ̀nà, “Kí ló ń jó? Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló ń jó?” Ohùn ò jáde lẹ́nu mi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣí casing, mo tan iná fóònù sínú rẹ̀. Lára graphics card, níbi tí wáyà oníhò mẹ́jọ ti wọlé, ojú kan ti dúdú, kò tóbi ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Mo fi ìka nù ún. Kò nù. Mo fi etí aṣọ mi nù ún, bí ẹni pé tó bá ti mọ́, á tún ṣiṣẹ́. Àbúrò mi ń sọ pé, “Bọ̀dá mi, n ò tẹ nǹkan kan o, n ò ṣe nǹkan kan,” èmi sì ń mi orí fún un pé mo mọ̀. Fídíò ìgbéyàwó oníbàárà kan wà nínú NVMe náà, mo ti gbowó rẹ̀, mo sì ti ná nínú owó náà. N kò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agége ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Graphics card ò tan nínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Motherboard ti kú fin-ín. Processor, mẹ́mọ́rì àti NVMe yè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, fídíò oníbàárà mi wà níbẹ̀. Ó wá tú power pack sílẹ̀. Igun sítíkà ara rẹ̀ ti ká sókè, bóyá ooru ló ká a. Ó fi èékánná mú igun yẹn, ó fà á, gbogbo rẹ̀ ṣí kúrò. Sítíkà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ti òkè kà pé 650 watts, Bronze. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn, ó kà pé 500, ilà +12V rẹ̀ sì jẹ́ 18A, ìyẹn amp 18.

Ìṣirò tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ sórí rèé. Graphics card àti processor, ọ̀dọ̀ 12 volts ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Ẹ wá ilà +12V lára sítíkà, ẹ fi 12 sọ amp tí ẹ bá rí níbẹ̀ di púpọ̀. 12 lọ́nà 18 jẹ́ 216 watts. RTX 3060 nìkan ń jẹ 170. Ryzen 5 5600, bí AMD tó ṣe é tilẹ̀ kọ 65 sí i, lè gùn dé 76 tí iṣẹ́ bá le. 246 nìyẹn, a ò tíì ka fáànù. Níbo ni 500 tí wọ́n kọ wá lọ? Wọ́n ro ti 3.3 volts àti 5 volts mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà òde òní ò sì fi bẹ́ẹ̀ lo ìyẹn. Nvidia tó ṣe RTX fúnra wọn ní kí ẹni tó fẹ́ lo RTX 3060 ní power pack 550 watts. 550 tòótọ́, amp rẹ̀ lórí 12 volts máa ń sún mọ́ 45.

Power pack gidi, tí ẹrù bá ju agbára rẹ̀ lọ, á pa iná ara rẹ̀ kí ó tó pa ẹlòmíràn. Òfin rẹ̀ ni pé 12 volts yẹn ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 11.4 lọ, kò sì gbọdọ̀ gòkè ju 12.6 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayédèrú ni kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan nínú, bí wọ́n bá ṣe ń kú lọ, wọ́n lè máa ti iná burúkú sí gbogbo ohun tí ẹ so mọ́ wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí àmì 80 Plus nìkan tàn yín. Iye iná tí kò ṣòfò ni àmì yẹn ń sọ, kò sọ pé ẹ̀ṣọ́ wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yí láti 115 sí 230, ẹ fi í sílẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, tí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì yí i sí 115 pẹ̀lú iná tiwa níhìn-ín, ó parí. Èyí tó dáa, “100–240V” ló máa ń wà lára rẹ̀.

Torí náà, tí ẹ bá dé ọjà, power pack ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, nígbà tí owó ṣì pé lápò. Ẹ tú u jáde nínú páálí níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ gbé e sọ́wọ́, èyí tó bá fúyẹ́, irin inú rẹ̀ ò tó. Ẹ fi ìka yí etí sítíkà ká. Ẹ ka +12V. Tí wọ́n bá ní, “Ẹ wò ó, fáànù ti ń yí,” fáànù tó ń yí ò jẹ́rìí nǹkan kan, ti èmi náà yí dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ graphics card, kí wọ́n ṣí FurMark, ètò tó ń fún graphics card ní iṣẹ́ tó le jù, kí ẹ jókòó tì í títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Tí wọ́n bá ní àyè ò sí, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, wọ́n pọ̀ lójú títì Ọ̀tigbà.

Kí wọ́n sì kọ orúkọ, watts àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú risíìtì. “Power pack 1” lásán ni wọ́n kọ fún mi. Nígbà tí mo gbé sítíkà méjèèjì padà lọ, ọ̀gbẹ́ni náà wo risíìtì, ó wo mí, ó ní ta ló mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ òun ni mo ti rà á. Ó tún fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ risíìtì níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pé owó tó bá wọlé ò jáde mọ́. Ó dùn mí ju iná tó jó lọ.

Graphics card tòkunbọ̀, ẹ fi GPU-Z, ètò tó ń ka ohun tó wà nínú card, wò ó, torí wọ́n ń yí orúkọ ògbólógbòó padà di tuntun, GPU-Z sì máa ń tú àṣírí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn card tí wọ́n ti fi wa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, títí di oṣù Kẹsàn-án 2022 náà kún ọjà, ẹ wo fáànù wọn dáadáa. Processor Intel tó bá ní F nídìí orúkọ rẹ̀, kò ní graphics tirẹ̀. Mẹ́mọ́rì méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. UPS 650VA kì í ṣe 650 watts, ó máa ń kéré sí i púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ti fi power pack tòótọ́ ránṣẹ́, mo ti ra motherboard mìíràn àti graphics card RX 6600, 132 watts péré ni ìyẹn ń jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti fi fídíò fún oníbàárà mi.

Ó ku ọ̀kan. Tí power pack yín bá jẹ́ irú èyí tí wáyà rẹ̀ ń yọ, tí ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé kí ẹ fi wáyà ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú casing torí pé ẹnu wọn bára mu. Wáyà tó bá power pack wá nínú páálí rẹ̀ ni kí ẹ lò. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń to ihò rẹ̀ bó ṣe wù ú, ibi tí ti ẹnì kan ti ń gbé 5 volts, 12 volts lè wà níbẹ̀ lára ti ẹlòmíràn, hard disk yín ni yóò sì gbà á.