Nílé sípíà là ń gbé, níbí fóònù ni wọ́n ń gbé

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bọ́ọ̀sì iléèwé, aláwọ̀ yẹ́lò tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù yẹn, tó fẹ́ yọ gbogbo àga inú ẹ̀ kó gbé bẹ́ẹ̀dì àti síńkì sí i kó máa fi rin Amẹ́ríkà káàkiri, ló bi mí lọ́jọ́ Sátidé pé ṣé kí òun gbé sípíà táyà àbí kí òun má gbé e. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Tó bá jẹ́ ní Nàìjíríà ni, ta ló máa bi èèyàn nírú ìbéèrè yẹn, ṣé èèyàn máa ń béèrè bóyá kí òun mú àdá dání tí òun bá ń lọ sóko ni? Ṣùgbọ́n mo ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án níbí, èmi àtìyàwó mi sì ti ń fi irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ rìn láti ọdún mẹ́ta báyìí, ìdáhùn yẹn ò yá lẹ́nu mi mọ́ bíi tìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Nílé, ọkọ̀ ẹrù la máa ń sọ di ọkọ̀ èrò. Mọ́lúẹ̀ tá a wọ̀ l'Ékòó nígbà yẹn, lọ́rì Mercedes 911 ni nísàlẹ̀, àwọn wẹ́dà wa ló kan bọ́dì lé e lórí tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sínú ẹ̀, ó di bọ́ọ̀sì. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ tí wọ́n fi kó ẹrù ní Yúróòpù ṣì ń dé sọ́dọ̀ wa tí wọ́n á gé wíńdò sí lára, wọ́n á jó àga mọ́lẹ̀, ó ti di ọkọ̀ èrò mẹ́rìnlá nìyẹn, àbí méjìdínlógún tí ọlọ́kọ̀ ò bá bẹ̀rù Ọlọ́run. Níbí wọ́n dà á kodò, ọkọ̀ tó ń gbé bíi 70 ọmọ ni wọ́n ń kó àga inú ẹ̀ dànù kí èèyàn méjì àti ajá kan lè ráyè sùn. Ọ̀rọ̀ sípíà náà, bó ṣe dorí kodò nìyẹn.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré là ń pè é, wa mọ́lúẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tá a bá ti gba họ́lídé mo máa ń tẹ̀lé e jáde. Kó tó tan mọ́tò láàárọ̀, mọ́tọ̀ bọ́ì ẹ̀ á mú irin kan tó gùn bí apá, á máa gbá táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Kékeré á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa gbọ́. Èyí tó kún á dún gbọ̀n-ìn, irin á ta padà lọ́wọ́ ẹni tó gbá a. Èyí tó ti ń jò á kàn dún bùù bí ìgbà téèyàn gbá ìrọ̀rí. Táyà ẹ̀yìn ló gba sùúrù jù torí méjì méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀, èyí tó wà nínú lè ti tú gbogbo atẹ́gùn ẹ̀ dànù kí ti ìta ṣì gbé ọkọ̀ dúró ganrangandan, ẹ ò ní fojú rí i, àfi kẹ́ ẹ fetí gbọ́ ọ. Sípíà wà lábẹ́ àga ìkẹyìn, òun pẹ̀lú jáàkì, wẹ́ẹ̀jì onígi, àti páìpù gígùn kan tí wọ́n máa ń kì bọ ìdí wíìlì sípánà kí nọ́ọ̀tì lè gbọ́ràn. Èrò tó bá bọ́ sí àga yẹn, orúnkún ẹ̀ máa kan àgbọ̀n ẹ̀ ni títí tá a fi dé CMS. Wọ́n máa ń bínú o, wọ́n á bú kọ̀ndọ́kítọ̀, sípíà ò kúrò níbẹ̀ láéláé.

Ẹni tí kò mọ̀ lè ní kí la tún ń gbé e kiri fún, ṣebí fọ́kanáísà wà ní gbogbo oríta, ẹ ò tíì ní rin jìnnà tẹ́ ẹ máa rí táyà kan tí wọ́n nà ró lẹ́bàá títì tí wọ́n fi ẹfun kọ nǹkan sí lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni fọ́kanáísà ń tà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ta táyà. Ibi tó jò á lẹ̀ ẹ́, á fún un ní atẹ́gùn, àmọ́ táyà tó ti bẹ́ tó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, kí ló fẹ́ lẹ̀ níbẹ̀? Táyà tiwa sì máa ń bẹ́, kòtò ń bá a jà, ẹrù àpọ̀jù ń bá a jà, oòrùn ò sì dẹ̀yìn. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà ẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró l'Ékòó ní 2008, látìgbà yẹn èyí tí wọ́n kó wọlé la ń lò, tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti jẹun ọdún rẹ̀ tán nílẹ̀ ibòmíì kó tó di tiwa. FRSC pàápàá ò ní jẹ́ kéèyàn gbàgbé, wọ́n bá dá ẹ dúró, sípíà dà, jáàkì dà, C-caution dà, ẹ̀rọ tó ń pa iná dà.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ni pé a ní nǹkan kan tá ò kà sí, ọkọ̀ wa jọra. Ọjọ́ kan wà tá à ń bọ̀ láti Ìbàdàn, a ti fi Ògèrè sílẹ̀ díẹ̀, táyà bẹ́, a yọ sípíà, sípíà fúnra ẹ̀ ò ní atẹ́gùn kankan nínú. Gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, àwọn kan já ewé wọ́n tò ó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn obìnrin ń ké Jésù. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọkọ̀ kan tó jẹ́ irú tiwa gan-an páàkì, awakọ̀ ẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó wo táyà, ó wo awakọ̀ wa, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé tèmi, tẹ́ ẹ bá ti dé gáréèjì ẹ bá mi fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ alága." Kò béèrè orúkọ, kò gba nọ́ńbà. Nọ́ọ̀tì kan náà ni, ríìmù kan náà ni, a gbé e wọ̀ ó bọ́ sí i. Nítorí náà sípíà ẹnì kan nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sípíà gbogbo àwọn tó ń ná ọ̀nà yẹn.

Níbí ńkọ́? Bọ́ọ̀sì iléèwé kì í sábà bá sípíà wá. Àwọn tó ni ín kì í jìnnà sílé, táyà bá jò wọ́n á pe wọ́kṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á tún fi bọ́ọ̀sì mìíì wá kó àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó máa ní kí dírẹ́bà kúnlẹ̀ máa tú nọ́ọ̀tì. Ọkọ̀ kékeré tuntun gan-an, ọ̀pọ̀ ni kò ní sípíà mọ́, wọ́n á fún ẹ ní pọ́ńpù kékeré kan àti gọ́ọ̀mù nínú ike. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i mo rò pé olè ló ti jí tèmi.

Nígbà tá a ra bọ́ọ̀sì tiwa, ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ ni pé màá wá sípíà. Ojú mi wá là nígbà tí mo fẹ́ gbé e. Táyà bọ́ọ̀sì ńlá yẹn pẹ̀lú ríìmù onírin ẹ̀, kílò 80 sí 90 ni, àpò sìmẹ́ǹtì méjì dín díẹ̀, tó sì tún rí róbótó tí kò níbi tí èèyàn fẹ́ dì mú. Nọ́ọ̀tì ẹ̀ ńkọ́, agbára tí wọ́n ní kéèyàn fi dè é, ká ní sípánà gùn tó mítà kan, kí odidi àgbàlagbà tó wọn kílò 65 gbé gbogbo ara ẹ̀ lé ìpẹ̀kun ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti dè é tán, lẹ́yìn máìlì 50 sí 100 ẹ gbọ́dọ̀ dúró kẹ́ ẹ tún un dè. Jáàkì tó máa gbé bọ́ọ̀sì wà lọ́tọ̀, pákó tẹ́ ẹ máa tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ kó má baà rì sínú iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́tọ̀. Abẹ́ ọkọ̀ tí nílé wọn ì bá gbé sípíà kọ́ sí, tiwa níbí tánkì omi ló wà níbẹ̀, tánkì omi ìdọ̀tí wà níbẹ̀, bátìrì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ní ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ gbé e sí. Mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo fi sílẹ̀, mo sanwó ìnṣọ́ránsì tó ń wá tún ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà, mo fi nọ́ńbà wọn sórí fóònù, ó parí.

Ó parí lóòótọ́ títí a fi dé ìwọ̀ oòrùn Texas, lórí I-10, láàárín Fort Stockton sí Van Horn. Ibẹ̀ ju 100 máìlì lọ, 80 máìlì láàárín wákàtí kan ni wọ́n fàyè gbà níbẹ̀, àwọn tírélà ń kọjá lára wa bí ìjì, èmi ń sáré 60 tèmi. Mo gbọ́ gbàù, lẹ́yìn náà nǹkan ń gbá abẹ́ ọkọ̀ pa-pa-pa-pa. Mo páàkì. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ti ìta, ara ẹ̀ ti ṣí kúrò bí ìgbà téèyàn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wáyà irin ta jáde yí i ká, ó sì ti fa ibi kan ya lára páìpù omi wa. Ẹ wá wo táyà yẹn o, ojú ẹ̀ jin kòtòkòtò bíi tuntun. Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ̀ ba tí mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àmì DOT lára ẹ̀, èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà: 3809. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Jíjókòó ló pa á, ìrìn kọ́. Bọ́ọ̀sì tí kò rìn púpọ̀, tó kàn dúró sí pápá láti ọdún dé ọdún, táyà ẹ̀ á máa là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé ojú ẹ̀ jẹ rárá, nílé kò sí táyà tó máa ráyè dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kí kòtò má ti pa á.

Mo pe nọ́ńbà. Arábìnrin tó gbé e béèrè pé máìlì mélòó la wà, mo wo pátákó kékeré ẹ̀bá títì tí wọ́n kọ nọ́ńbà máìlì sí, mo kà á fún un, ó ṣe dáadáa sí mi kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ó wá béèrè sáìsì táyà mi. Mo ní 10R22.5. Ó dákẹ́. Ó ní kí n tún un sọ. Àṣé 11R22.5 àtàwọn tó bá a gbọ́gba ni ọ̀pọ̀ tírélà ń lò, òun ló wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù táyà lójú ọ̀nà yẹn, tèmi yìí bọ́ọ̀sì iléèwé ló mọ̀ ọ́n jù. Wọn ò sì lè fi èyí tó ga ju èkejì ẹ̀ lọ sí i, torí táyà méjì tó so pọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ga bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀kan á máa wọ́ èkejì nílẹ̀. Ọkùnrin onítáyà dé lẹ́yìn wákàtí méjì àtààbọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní gbogbo irinṣẹ́ tí fọ́kanáísà lè lá lálàá ẹ̀, jáàkì onífẹ́ẹ́fẹ́, ìbọn tó ń tú nọ́ọ̀tì, pọ́ńpù ńlá, ẹ ní kí ló kù? Táyà. Ó tú èyí tó bẹ́ kúrò, ó gbá èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú òòlù onírọ́bà, ó tẹ́tí (orí mi wú, mo ní Bàbá Kékeré nìyí), ó ní kí n rọra wọ́ ọ dé ibi tí màá ti bọ́ kúrò lórí títì, kí n má kọjá ibẹ̀, torí ẹrù méjì ló wà lórí ẹnì kan. A sùn síbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni táyà dé láti El Paso, owó ìrìn àjò táyà yẹn sì ju owó táyà fúnra ẹ̀ lọ.

Mo rò ó lóru yẹn. Nílé irinṣẹ́ wà káàkiri, ọwọ́ tó máa gbé e pọ̀, ẹni tó máa yá ẹ ní tiẹ̀ ń kọjá lọ, síbẹ̀ a ń gbé sípíà. Níbí tí ẹni kan ṣoṣo ò dúró bi wá ní kí ló ṣe yín láti ìgbà tá a ti páàkì títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ní fóònù tó. Mi ò bú wọn, títì wọn dáa, táyà wọn kì í bẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì ń lo 11R22.5 tó ń rìn ní ìhà ìlà oòrùn tí ìlú sún mọ́ra, ó lè má gbé nǹkankan kó sì sùn fọnfọn.

Èsì tí mo wá fún ọ̀rẹ́ mi ni pé kó gbé táyà, kó fi ríìmù sílẹ̀. Táyà lásán tí kò sí ríìmù nínú ẹ̀ ò tó kílò 60, èèyàn méjì á gbé e, onítáyà tó bá wá ní gbogbo nǹkan tó kù lọ́wọ́, ohun tí kò dájú pé ó ní ni ìwọ fi ń dúró dè é. Èyí tó máa gbé náà kó jẹ́ irú tó lè wọ iwájú, torí iwájú ni bíbẹ́ ẹ̀ ti léwu jù, èyí tí wọ́n tún ojú ẹ̀ lẹ̀ òfin ọkọ̀ èrò níbí ò fẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ iwájú bọ́ọ̀sì. Kó má sì ra èyí tí ọjọ́ orí ẹ̀ ti lọ, nílé ọdún mẹ́rin ni FRSC máa ń ní kéèyàn má lò kọjá, níbí àwọn ilé iṣẹ́ táyà míì ní ọdún 10 ni òpin, èmi dúró sí àárín, ọdún méje. Àmọ́ tí bọ́ọ̀sì tó rà bá ti gbó gan-an tó fi jẹ́ pé ríìmù onírìngì ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, tí rìngì irin kan ń di táyà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tó wà lábẹ́ mọ́lúẹ̀ ayé àtijọ́, kó kọ́kọ́ pààrọ̀ ríìmù yẹn ná kó tó máa bi mí ní ti sípíà. Rìngì yẹn máa ń ta jáde tí wọ́n bá ń fún un ní atẹ́gùn, ó ti pa fọ́kanáísà nílé, ó pa wọ́n níbí náà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún Bàbá Kékeré lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "Ìwọ náà fi táyà sílé, o lọ sójú ọ̀nà." Mo ní ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní ibo ni mo wá gbé e sí báyìí. Mo ní ó wà ní ẹ̀yìn àga dírẹ́bà, ìyàwó mi ní ó ń rùn rọ́bà, ó fi àǹkárá kan dì í yípo, ó gbé tìmùtìmù lé e lórí, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí báyìí tó bá ń gé ewébẹ̀. Wọ́n ní ṣé orúnkún ẹ̀ kì í kan àgbọ̀n.