Kí ẹ tó fi bíṣọ́ọ̀bù rúbọ ní h7: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ìkọlù nínú chess

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ìgboyà pọ̀ lọ́wọ́ yín. Kíka ìgbésẹ̀ ṣáájú ló wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kọlu ọba gbọ́dọ̀ lè sọ iye àwọn tirẹ̀ tó lè tètè dé ìdí ọba náà, àti iye àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ayaba àti ẹṣin nìkan kì í sábà tó. Ẹ wá ẹnì kẹta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan, ká tú u dé ìsàlẹ̀: ìrúbọ bíṣọ́ọ̀bù ní h7, ìyẹn kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ pọ́ọ̀nù tó wà níwájú ọba, kí ọba lè jẹ ẹ́, kó sì jáde sí gbangba. Ó ti wà nínú ìwé Gioachino Greco, òǹtayò chess ará Ítálì, láti ọ̀rúndún 17, síbẹ̀ ó ṣì ń pa àwọn ọmọ ìdíje títí dòní. Ẹ to pátákó yín, kí ẹ ta báyìí (K ni ọba, Q ni ayaba, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N ni ẹṣin, ìgbésẹ̀ tí kò ní lẹ́tà ńlá jẹ́ ti pọ́ọ̀nù; lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà, bíi h7, ni orúkọ ilé; x ni jíjẹ, + ni ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìkọlù sí ọba; O-O ni kí ọba sún ilé méjì sí ìhà rúùkù, kí rúùkù sì fò ó kọjá): 1.e4 e6 2.d4 d5 3.Nc3 Nf6 4.Bd3 Bb4 5.e5 Nfd7 6.Nf3 O-O. Dúdú rò pé òun ti fi ọba pamọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣìṣe. 7.Bxh7+ Kxh7 8.Ng5+.

Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ẹṣin f6 ni olùṣọ́ h7. Pọ́ọ̀nù e5 ló lé e lọ sí d7, òun náà ló sì ń ṣọ́ f6 kí ẹṣin má lè padà síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo g5 wàyí. Ayaba dúdú ní d8 ń wò ó gbangba, torí e7 àti f6 ṣófo, ṣùgbọ́n bó bá jẹ ẹṣin yẹn, bíṣọ́ọ̀bù c1 á jẹ ayaba. Bíṣọ́ọ̀bù c1 yìí ni àwọn ọmọdé máa ń gbàgbé, torí kò tíì kúrò nílé. Ó ń ṣiṣẹ́ láti ibi tó jókòó sí. Ká ní bíṣọ́ọ̀bù dúdú wà ní e7 ni, kì í ṣe b4, á lè jẹ ẹṣin náà lówó pọ́ọ́kú. Nígbà náà, ẹ nílò pọ́ọ̀nù ní h4 àti rúùkù ní h1, kí pọ́ọ̀nù tó bá gba ẹ̀san ní g5 ṣí ìlà h sílẹ̀ fún rúùkù. Ẹ wo ìlà b1 sí h7 pẹ̀lú: bí bíṣọ́ọ̀bù dúdú bá lè bọ́ sí f5, á máa ṣọ́ h7. Níbí, pọ́ọ̀nù e6 ti dí i lọ́nà.

Ọba dúdú ní ibi mélòó kan tó lè sá sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan bíṣọ́ọ̀bù. Bó bá lọ sí h6, 9.Nxe6+ á ṣí ojú bíṣọ́ọ̀bù c1 sí i, ẹṣin á sì máa wo ayaba ní d8. Pọ́ọ̀nù f7 kò lè jẹ ẹṣin yẹn, torí ọba ṣì wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì. Bó bá lọ sí g6, iṣẹ́ le díẹ̀. Ẹ má kánjú fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì, 9.Qg4 ń halẹ̀ pé bí ẹṣin bá kúrò ní g5, ayaba á kọjú sí ọba. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìkọlù nù, torí Kg8 nìkan ni wọ́n kà nílé.

Bó bá padà sí g8, 9.Qh5 ń halẹ̀ méètì, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀kì tí ọba kò lè bọ́ nínú rẹ̀, ní h7. Dúdú á ta Re8 kí ọba lè rí f8 gbà. Ẹ dúró níbí. Ọwọ́ á máa yún yín láti ta Qh7+ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe é. Bí ayaba bá gba h7 àti h8 dé g7, tí ọba ti sá dé e7, pọ́ọ̀nù f7 á dúró láàárín àwọn méjèèjì, ọba á ṣì rí ẹ̀mí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ pọ́ọ̀nù náà: 10.Qxf7+ Kh8 11.Qh5+ Kg8 12.Qh7+ Kf8 13.Qh8+ Ke7 14.Qxg7. Méètì ni. Ẹ wo ilé d6: pọ́ọ̀nù e5 ló tì í pa. Àwọn ilé yòókù tí ọba ì bá sá sí, ara ilé rẹ̀ ti gbà wọ́n, tàbí kí ayaba máa wò wọ́n.

Ó ku ohun kan tí kíkà ọ̀pọ̀ yín kì í kàn: ṣẹ́ẹ̀kì tí alátakò lè jù sí àárín. Lẹ́yìn 9.Qh5, dúdú lè ta Bxc3+. Ẹ fi pọ́ọ̀nù b2 jẹ ẹ́, ìṣirò kò yí padà. Níbòmíràn, irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ lè gba ẹṣin yín lọ tàbí kó lé ọba yín síbi tí kò dáa. Torí náà, ní gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ bá ń kà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé ó ní ṣẹ́ẹ̀kì?

Nípa àkókò, bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 90 pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ná ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 kí ẹ tó rúbọ. Ríronú lẹ́yìn ìrúbọ ti pẹ́ jù. Òfin ni pé ohun tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn láti ta, ẹ ó ta á. Ẹ kò sì gbọdọ̀ kọ ìgbésẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ta á. Àwọn olùkọ́ kan ṣì ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, adájọ́ á sì bá ọmọ wí.

Ìgbà wo ni kí ẹ máa kọlù lọ, ìgbà wo sì ni kí ẹ gba èrè tó wà nílẹ̀? Ní Paris lọ́dún 1858, Paul Morphy, ọ̀gá chess ará Amẹ́ríkà, lè jẹ pọ́ọ̀nù b7 ní ìgbésẹ̀ 8, ṣùgbọ́n Qb4+ á fipá mú kí wọ́n pààrọ̀ ayaba. Ó ta Nc3, ó ń kó àwọn tirẹ̀ jáde, ó sì parí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 17. Lójú tèmi, ìpinnu Morphy dára, torí àwọn alátakò rẹ̀ kò tíì kó púpọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ìkọlù yín bá ti so èso ẹṣin kan tàbí rúùkù, tí ẹ kò sì rí méètì kedere, ẹ gbà á, ẹ pààrọ̀ ayaba, kí ẹ fi ìyókù àkókò yín parí ayò.