Iná Beltpack Tàn, Ṣùgbọ́n Ohùn Kò Sí: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Ní Iléṣà

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló pé lónìí tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ọgbẹ́ rẹ̀ tó jinná tí n ó fi máa rò pé kò tó nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kó kámẹ́rà àti wáyà wọ ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ ń fi ètò hàn ní tààràtà fún àwọn tí wọn kò lè wá. Ẹ mọ beltpack. Ẹ mọ̀ pé àpótí kékeré tí kámẹ́rámáànù ń fi kọ́ bẹ́líìtì yẹn ni etí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀, àti pé bí olùdarí kò bá lè bá a sọ̀rọ̀, kámẹ́rà tó dára jù lọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìsìn ìdágbére fún ìyá àgbà kan ni wọ́n pè wá sí ní Iléṣà, lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá náà bí ọmọ márùn-ún. Ẹ̀kẹrin wọn, obìnrin, ń gbé ní Manchester, kò sì lè wá sílé nítorí pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ó lè má rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ló san owó iṣẹ́ wa. Ó pè mí ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè fi nǹkan mìíràn hàn mí, ẹ jẹ́ kí n rí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé Màámi jáde.” Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé kámẹ́rà kẹta yóò wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní apá òsì ilé ìjọsìn, níbi tí ó ti kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí wọn yóò gbé òkú gbà. Ìlérí tí mo ṣe fún un nìyẹn, láti ẹnu èmi fúnra mi.

Beltpack tí à ń lò ń gba orí Dante sọ̀rọ̀, ìlànà fífi ohùn ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ilé iṣẹ́ Audinate ti ilẹ̀ Ọsirélíà gbé jáde. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán ni ohùn ń bá lọ, wáyà kan náà ló sì ń gbé iná lọ fún un, nítorí náà kò sí bátìrì tí yóò kú lójijì. Switch ni àpótí oníhò tí a ń so gbogbo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Ihò kọ̀ọ̀kan lára èyí tó ń fúnni ní iná lábẹ́ ìlànà 802.3af lè fi wáàtì 15.4 ránṣẹ́, wáyà bàbà kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Ibi tí a jókòó sí kò tó mítà 70 sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo so ẹ̀rọ àárín mọ́ ihò 1, mo so kọ̀ǹpútà alágbèéká mi mọ́ ihò 2, beltpack kámẹ́rà kìíní àti ìkejì sì wà ní ihò 3 àti 4. Ihò 5 sí 8 ni mo so beltpack kámẹ́rà kẹta, kámẹ́rà kẹrin, ẹni tó ń bójú tó ohùn, àti ẹni tó ń darí ètò níwájú pẹpẹ mọ́.

Switch yẹn kì í ṣe èyí tí a kàn ń ki wáyà bọ̀. Mo pa EEE rẹ̀, ìyẹn ètò ìfinápamọ́ tó máa ń mú kí ihò rẹjú nígbà tí nǹkan kò bá gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí pé ó máa ń da aago tí gbogbo ẹ̀rọ Dante jọ ń tẹ̀lé rú. Mo fi àwọn ìsọfúnni aago náà, tó ń gbé àmì 56, sí iwájú gbogbo ohun tó ń kọjá, mo sì fi ohùn, tó ń gbé àmì 46, tẹ̀lé e. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni VLAN. Nígbà iṣẹ́ oṣù tó ṣáájú, mo ti ya ihò 5 sí 8 sọ́tọ̀ fún nǹkan mìíràn, mo sì ti fi ètò yẹn pamọ́ sínú switch náà. VLAN dà bí ògiri tí a mọ sáàárín ilé láìsí ilẹ̀kùn: àwọn tó wà lápá ọ̀tún kò lè gbọ́ ohùn àwọn tó wà lápá òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé kan ló bo gbogbo wọn. Mo wó ògiri náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo kó ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú ilé kan, orúkọ ẹ̀rọ méjèèje sì tò lẹ́sẹẹsẹ lójú kọ̀ǹpútà mi.

Ohun tí ó kù ni kí n tẹ ibi tí a ti ń fi ètò náà pamọ́. Lórí ọ̀pọ̀ switch irú èyí, àyípadà tí a bá ṣe máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọnú ìrántí rẹ̀. Bí iná bá lọ, ohun tí a fi pamọ́ kẹ́yìn ni yóò tún gbé jáde. Mo mọ èyí. Ọdún kẹrìnlá mi rè é lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kì í ṣe pé n kò mọ̀. Kámẹ́rà kẹrin ló pè mí pé òun ń gbọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ òun, mo sì lo nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rẹ̀ kí n tó rí i pé beltpack rẹ̀ wà lórí ètò gbohùngbohùn tí kò nílò iná, nígbà tí headset tó dé sórí jẹ́ irú èyí tí a gbọ́dọ̀ fún ní iná díẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Bí mo ti ń parí ìyẹn ni àwọn alàgbà ìjọ ránṣẹ́ pè mí nítorí ohùn pẹpẹ. Mo pa kọ̀ǹpútà dé láìtẹ ibi ìfipamọ́ náà, mo dìde.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná ìjọba lọ. Kámẹ́rà, ẹ̀rọ tí olùdarí fi ń pààrọ̀ àwòrán, àti ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí ínfátà, nítorí náà àwòrán kò já rárá. Switch mi wà lórí iná ògiri. Àwọn kan yóò bi mí pé kí ló gbé e débẹ̀. Ihò ínfátà tí wọ́n fún wa ti kún, mo sì ti béèrè fún òmíràn; n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí yí, iná switch sì tàn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ewé tútù bí ẹ̀yìn ìgbà òjò. Olùdarí wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, bi mí láìyíjú padà: “Ṣé gbogbo wọn ti padà?” Mo wo iná náà, mo sì dáhùn pé: “Gbogbo wọn ti tàn, mà.” N kò ní kí ẹnì kankan sọ̀rọ̀ kí n fi etí mi gbọ́.

Wọ́n gbé orin ìkẹyìn. Àwọn tí yóò gbé pósí dìde, gbogbo ìjọ dìde, àwọn ènìyàn sì bo kámẹ́rà kìíní àti ìkejì nísàlẹ̀ pátápátá. Àǹtí ní: “Kámẹ́rà kẹta, wá sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́.” Ẹgbẹ́ akọrin ni àwòrán kámẹ́rà kẹta ń fi hàn, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ àlùkò, ìwé orin lọ́wọ́ wọn. Kò yí. “Kámẹ́rà kẹta, ilẹ̀kùn.” Kò yí. Ó pè é nígbà karùn-ún, ó ní, “Ọmọ yìí, ṣé o ń sùn ni?” Kò sùn. Mo gbójú sókè, mo rí i. Ó dì mọ́ ọwọ́ kámẹ́rà rẹ̀ gírígírí, ó gbé àwòrán náà dúró láìmì, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ kẹ́yìn láti ẹnu wa ni pé kí ó dúró lórí akọrin títí a ó fi tún bá a sọ̀rọ̀. Mo rí i tí ó tẹ bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀, tí iná kékeré rẹ̀ tàn, tí ètè rẹ̀ sì ń mì. Kò sí ohun tó dé etí wa.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Orúkọ méje ti di mẹ́ta. Ojú mi rí i, ọkàn mi kò gbà á. Mo rò pé aago Dante ló dàrú, mo bẹ̀rẹ̀ sí yí àkókò tí ohùn fi ń dúró kí ó tó jáde láti mílísẹ́kọ́ńdù 1 sí 5, bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó tí ó ń gbá àgbàlá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi ṣòfò báyẹn. Mo rán ọmọkùnrin kan pé kí ó sáré gòkè, àtẹ̀gùn kún fún èrò, kò rí ọ̀nà kọjá. Fóònù kámẹ́rámáànù náà wà ní pípa, nítorí òfin tí èmi fúnra mi ṣe ni pé kò sí ẹni tí yóò tan fóònù nígbà ìsìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn agbépósí lórí ilẹ̀ mábù. Mo gbọ́ bí àwọn ọmọ-ọmọ ṣe bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí Manchester ń rí ni akọrin, ẹsẹ orin kan tẹ̀lé òmíràn, títí ilẹ̀kùn fi padé.

Mo yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò ní ihò 2, mo so switch kékeré kan tí kò nílò ètò, tí òun náà ń fúnni ní iná, mọ́ ibẹ̀, mo sì kó wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, ohùn padà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ti kọjá. A ṣe ìyókù láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kejì, mo gba fídíò tí àwọn ọmọ-ọmọ fi fóònù yà lẹ́nu ọ̀nà, mo so wọ́n pọ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kí n tó ṣe ìyẹn. Kò bínú. Ó ní: “Ẹ ṣeun sà. Mo gbọ́ orin náà dáadáa. Mi ò rí Màámi.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, tí n kò ní gbàgbé, ni pé kí ẹ yọ iná switch yín pẹ̀lú ọwọ́ ara yín kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ dúró, ẹ so ó padà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tan láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ètò tí kò bá lè la èyí já, kò tíì sí ètò níbẹ̀. Ẹ lè ní ẹ ti fi pamọ́. Ẹ yọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ lè ní ó wà lórí ínfátà. Ẹ yọ ọ́ síbẹ̀, nítorí ẹnì kan lè fẹsẹ̀ kọ wáyà rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, kò sí ètò wákàtí mẹ́ta tí iná kò lè lọ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ nígbà tí ẹ fẹ́.

Èkejì ni pé kí ẹ má ṣe gba iná gbọ́. Iná beltpack ń sọ fún yín pé agbára dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sọ fún yín pé ohùn dé. VLAN ti pín wọn níyà, ṣùgbọ́n ihò 5 sí 8 ṣì ń fún wọn ní wáàtì wọn bó ṣe yẹ. Nígbàkígbà tí iná bá ti lọ tí ó sì padà, ẹ pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, kí kálukú dáhùn. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Bí mo bá ti ṣe é ní Iléṣà, ǹ bá ti mọ̀ kí orin ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tó wà ní ihò kọ̀ọ̀kan sórí tépù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ switch náà, kí ó sì dé orí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò níbi iṣẹ́ tó kọjá. Bí mo bá ti rí i kà pé ihò 5 sí 8 ní ìtàn mìíràn, n kò ní máa yí mílísẹ́kọ́ńdù. Ẹ tún bá kámẹ́rámáànù yín ṣe àdéhùn àmì ọwọ́, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bí etí wọn bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n wo olùdarí. Ọmọ tó wà lórí kámẹ́rà kẹta kò jẹ̀bi ohunkóhun, mo sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ wa, nítorí pé àwọn kan ti ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́.

A ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lánàá. Nígbà tí gbogbo nǹkan ti tò, tí orúkọ méjèèje ti jáde, mo yọ iná switch níwájú ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa. Ó kígbe pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe yẹn?” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kí switch náà tó jí tán. Mo pè wọ́n láti kámẹ́rà kìíní lọ, mo dé orí ọmọ wa lókè, ó sì dáhùn pé, “Mo ń gbọ́ yín, Ọ̀gá.” Mo ní kí ó tún un sọ.