Iná orí ríìngì ló ba fótò mi jẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìjà kickboxing

Okun o, ẹ̀yin ayàwòrán ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ìgbéyàwó àti òkú àgbà láti Kàbà dé Ìsánlú, tí wọ́n ti ń pè yín sí ìjà kickboxing báyìí, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ìpá kan ṣoṣo ló parí ìjà tó gbẹ̀yìn lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó wọ ṣòkòtò pupa yí ìbàdí, ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra, ojúgun rẹ̀ sì bá ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Òógùn fọ́n bí ìgbà tí èèyàn gbọn aṣọ tútù. Mo tẹ kámẹ́rà, fótò mẹ́fà wọlé. Nígbà tí mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, mẹ́rin nínú wọn ní ilà dúdú gbòòrò kan tó dábùú ojú ẹni tí wọ́n gbá. Apá òkè pọ́n bí epo pupa, ìsàlẹ̀ ṣú. Ìkarùn-ún dúdú pátápátá. Ìkẹfà nìkan ló mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ sì ti padà sílẹ̀ nínú ìyẹn. Mo fi ìka àbámọ̀ bọnu. Kò sí bí mo ṣe tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí ilà yẹn lọ.

Ohun tó fà á nìyí. Iná mànàmáná tiwa, ti NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀, 50 hertz ni: ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ iná LED olówó pọ́ọ́kú tó ń lò ó máa ń tàn, á tún wọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú àlọ-àbọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú èèyàn kò lè rí i. Ṣùgbọ́n tí shutter (ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) bá wà ní 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìtàn-wọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni kámẹ́rà máa gbà. Kì í sì í ṣí gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àlàfo tóóró ló ń sáré kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí àlàfo yẹn bá dé nígbà tí iná wọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ilà dúdú máa wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò dán kámẹ́rà wò. Mo dán an wò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ṣì ń wọlé lójú fèrèsé nígbà yẹn, òun ló bo àìsàn iná mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi di aago mẹ́jọ, iná LED nìkan ló kù. Iná tí wọ́n máa fi jà ni kí ẹ fi dán an wò.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é: tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí gbogbo iná ríìngì sì wà ní títàn, ẹ kọjú kámẹ́rà sí ilẹ̀ ríìngì. Ẹ fi shutter sí 1/1000, lẹ́ńsì sí f/2.8 (kí ojú rẹ̀ là gbòòrò), ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) sí 3200 tàbí 6400. Ẹ tẹ fótò mẹ́wàá léraléra, kí ẹ wò wọ́n tẹ̀léra. Tí gbogbo wọn bá mọ́lẹ̀ bákan náà, kò séwu. Tí méjì tàbí mẹ́ta bá ṣú, ẹ tan flicker reduction, ètò inú kámẹ́rà tó ń dènà ilà iná yìí. Canon 7D Mark II ti ní in láti 2014, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ náà ní in. Ṣe ló máa ń dúró de ìgbà tí iná bá tàn jù kó tó yà. Ẹ má lo shutter tí kì í dún, ilà tibẹ̀ burú jù.

Tí kámẹ́rà yín kò bá ní in, 1/100 máa gba ìtàn-wọ́lẹ̀ kan tán, ilà á lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń fò á di kùrukùru. Ojú ẹni tó jókòó ní kọ́nà àti kíkà rẹfirí ni kí ẹ fi 1/100 yà. Ohun tó dára jù ni kí ẹ bẹ àwọn tó ṣètò ìjà kí wọ́n kọ́ halogen mélòó kan: wáyà inú rẹ̀ kì í tètè tutù, kì í wọ́lẹ̀ bíi LED. Kí wọ́n má sì so fíríìjì àti lásipíkà mọ́ jẹnẹrétọ̀ tó gbé iná ríìngì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí sókè mí sódò, 50 yẹn kò ní dúró sójú kan, kámẹ́rà kò sì ní lè mọ ìgbà tí iná máa tàn jù mọ́. Fíláàṣì ńkọ́? Ẹ má dán an wò, ó lè kọ mànà lójú ẹni tó ń jà lójijì.

Àwọn nǹkan yòókù kò le. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ríìngì, kí lẹ́ńsì wà láàárín okùn ìsàlẹ̀ àti èkejì, ṣùgbọ́n kí ìgúnpá má wọ inú. Lẹ́ńsì 24-70 mm ni ti ẹ̀bá ríìngì. Lẹ́ńsì 70-200 mm, tó ń fa nǹkan mọ́ra, máa gé ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n bá sún mọ́ yín. Ẹ lo AF-C (ètò tó ń tẹ̀lé ohun tó ń rìn kó lè hàn kedere) pẹ̀lú àmì kékeré kan, kó má baà lọ mú okùn. Tí olówó òsì bá ń bá olówó ọ̀tún jà, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa rí àyà àwọn méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ̀yìn wọn ló máa rí. Oríṣi òfin ìjà kickboxing ló wà: ní full contact, òkè ìbàdí nìkan ni wọ́n ń gbá. Ní low kick àti K-1, itan náà wà níbẹ̀. Gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó dúró máa ń yí kí ìpá tó jáde: ìgbà tó bá yí ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ bá gòkè. Ìsinmi ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ fi nu òógùn kúrò lójú lẹ́ńsì.

Ní ìjà tó tẹ̀lé e, aago méje ààbọ̀ ni mo dán iná wò, mo tan flicker reduction, mo sì gba fótò mi. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ìjà kẹta, mo tún tẹ mẹ́wàá sí ilẹ̀ ríìngì kí agogo tó dún.